Àdín Àgbọn ní Ọrùn Ọwọ́ Àwọn Ọmọ

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú etí òkun, ẹ kú afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tí kì í jẹ́ kí páánù òrùlé pẹ́. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí yín. Mo kí Bọ̀dá mi àgbà, mo kí ìyàwó wọn tó ń fún yín ní oúnjẹ lásìkò, mo kí àwọn ọmọ tó ń pọnmi fún yín, mo sì kí ẹni tó jókòó tì yín báyìí tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kó rọra kà á o. Kó má fo ibì kankan, pàápàá ibi tí mo ti jẹ̀bi.

Ẹni tó ń kà á yóò rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé yìí kò gún. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti wà ní Ìkòròdú, ẹlòmíràn ló ń bá mi kọ̀wé sí yín, ohun tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n ń kọ. Ní báyìí mo ti di ọmọ kíláàsì àwọn àgbà, ní Túsìdeè àti Tọ́sìdeè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo ń ra pẹ́ńsù bí ọmọdé, ojú kò tì mí. Tíṣà ní kí oníkálùkù wa kọ lẹ́tà sílé, kí a lè tẹ̀ wọ́n sínú ìwé kékeré tí kíláàsì wa máa ń pín. Nígbà tó ka tèmi, ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun yọ orúkọ mi. Mo ní rárá. Ní gbangba ni mo ti ṣe é, ní gbangba ni n ó ti sọ ọ́.

Ẹ rántí iṣẹ́ tí ẹ rán mi. Mo pè yín lórí fóònù pé Ẹ̀bùn, ọmọ Fúnmiláyọ̀ mi, ti kàwé tán ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò wáṣẹ́ sí ọ́fíìsì kankan, ó ní kóòṣì jìmnásíìkì ni òun fẹ́ ṣe. Ẹ ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní iṣẹ́ kí èèyàn máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òkìtì títa ni. Ẹ ní nígbà tí Ọlọ́run dá èèyàn tó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ tó fi orí sókè, ta ló bẹ Ẹ̀bùn kó wá tún un tò. Ẹ ní kí n má bá a jà o. Ẹ ní kí n tẹ̀lé e lọ fún Sátidé mẹ́ta, kí n fi ojú ara mi wò ó, kí n kọ ohun tí mo bá rí ránṣẹ́ sí yín, ẹ̀yin lẹ ó sì dá ẹjọ́ náà. Ẹ̀bùn gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí Ìyá àgbà létí òkun bá sọ ni òun yóò ṣe.

Mo ti lọ, Màámi. Ohun tí ojú mi rí ni mo jókòó kọ yìí, ara mi ò sì tíì balẹ̀ tán.

Òjò ti mú Ìbèṣè, àdúgbò wa ní Ìkòròdú níbí. Ọ̀sà kún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá wa jókòó lẹ́yìn ilé. Mo ṣì ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ará ilé wa tó ń dẹ ọ̀sà, mo ṣì ń yan án, igi tútù ni ò jẹ́ kí iná rẹ̀ jó dáadáa. Fúnmiláyọ̀ máa ń jáde kí àkùkọ tó kọ nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún ní Èkó, tó bá sì wọlé, oorun ló ń bá a sọ̀rọ̀. Láti Mọ́ńdè dé Fúráídeè, èmi àti ẹja là ń wo ojú ara wa, ẹja kì í sì í dáhùn ìkíni. Kí n má purọ́ fún yín, nígbà tí ẹ ní kí n máa bá Ẹ̀bùn lọ, inú mi dùn díẹ̀ pé mo ríbi lọ.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé aládàáni kan ní Lásunwọ̀n ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìyá tó ni ilé ìwé náà ní kí Ẹ̀bùn fi sáà kan dán an wò. Bí àwọn òbí bá fẹ́ ẹ, kó máa bá a lọ. Bí wọn ò bá fẹ́ ẹ, kó ká fóòmù tó tẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kó máa lọ ilé. Mo dé ibẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́, mo bá ọmọ mọ́kànlá, ọmọ àwọn tó ń gbé ẹ́sítéètì. Fóòmù wà nílẹ̀ káàkiri. Igi gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ga níwọ̀n orúnkún, tí àwọn ọmọ ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń rìn létí ọkọ̀ ojú omi. Ẹ ò lè mọ ẹni tó fá igi náà: gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kan ọkọ̀ fún àwọn ará wa ní Ìbèṣè ni. Irin kan sì wà tí wọ́n gbé kọ́ òpó méjì, òun làwọn ọmọ ń rọ̀ mọ́ tí wọ́n ń fì.

Kí wọ́n tó dé ìdí irin yẹn, wọ́n to ìlà níwájú abọ́ kan, wọ́n ń ki ọwọ́ bọ ohun funfun kan, wọ́n fi ń ra àtẹ́lẹwọ́. Mo rò pé ẹgbẹ́ kan ni wọ́n ń mú ọmọ ọlọ́mọ wọ̀. Mo pe Jésù lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀bùn sáré wá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣọ́ọ̀kì ni, irú èyí tí Tíṣà yín fi ń kọ̀wé, òun ló máa ń jẹ́ kí ọwọ́ gbẹ kó lè di irin mú. Ó wá fi ìwé kan hàn mí lára ògiri tó fi Yorùbá kọ nítorí tèmi. Mo kà á. Mo kà á sókè kí gbogbo wọn gbọ́: Ọwọ́ gbígbẹ nìkan ni kó kan irin. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Orí mi wú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé yẹn sọ́kàn o, ẹ ó tún gbọ́ nípa rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ́jọ́ náà ni pé, láti àárọ̀ títí a fi jáde, Ẹ̀bùn ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní òkìtì. Ìṣubú ló ń kọ́ wọn. Wọ́n á dúró, wọ́n á ṣubú sẹ́yìn sórí fóòmù, wọ́n á ká ọrùn, wọ́n á yí bíríbírí. Mo bi í pé ta ni wọ́n ń kọ́ ní ìṣubú láyé yìí, ṣé ìṣubú náà ti di ohun tí bàbá ń sanwó fún. Ó ní ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú ò gbọdọ̀ gòkè. Mo sì rántí pé bí ẹ ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn létí omi: ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọkọ̀ dojú dé pẹ̀lú wa níbi tí omi ti mọ ní ìbàdí, kí ẹ tó fún wa ní àjẹ̀.

Ní Sátidé kejì, mo wo ọwọ́ Ẹ̀bùn. Bí ọmọ bá ń fi orí ṣe ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan á wà lẹ́yìn ọmọ náà, ọ̀kan á wà níkùn, kò ní fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ọwọ́ wà níbẹ̀. Ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Tómi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó kéré bí akàn, ojú rẹ̀ le bí ti adájọ́. Kò bẹ̀rù ohunkóhun. Ó wá bá mi, ó ní Màmá àgbà, ọrùn ọwọ́ ń dun òun díẹ̀. Ẹ̀bùn yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kó sinmi. Ṣùgbọ́n èmi gbọ́ bí oríkèé ọmọ náà ṣe ń dún, mo sì sọ nínú ọkàn mi pé àwọn ọmọ wọ̀nyí, ìyá àgbà wọn ò fi àdín nà wọ́n lóríkèé dáadáa nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọwọ́. Ojúṣe àgbà ni mo pè é. A máa ń sọ ọ́ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Màámi, èmi àgbà yìí wà lọ́jà.

Sátidé kẹta ni wọ́n pe àwọn òbí wá wòran. Ìyá onílé-ìwé jókòó níwájú pẹ̀lú jígí rẹ̀ nímú. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọjọ́ náà ni yóò sọ bóyá Ẹ̀bùn yóò dúró. Ẹ̀bùn ń kí àwọn òbí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń to àga. Mo pe àwọn ọmọ jọ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Mo yọ ìgò àdín àgbọn tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí nínú báàgì mi, mo fi pa wọ́n ní orúnkún, ní ìgbọ̀nwọ́, ní ọrùn ọwọ́, mo ń nà wọ́n, mo ń ṣàdúrà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé ó ń rìn àwọn lára. Ìwé ara ògiri ń wò mí. Mo tún un kà. Mo ní òun sọ ọwọ́ gbígbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àdín kì í ṣe omi, n ò sì kan àtẹ́lẹwọ́ wọn. Kí ni bébà mọ̀ nípa egungun ọmọ? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, èmi tí mo mọ̀ ọ́n kà.

Ooru mú nínú gbọ̀ngàn. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Àdín tó wà ní ọrùn ọwọ́ bá òógùn sọ̀kalẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ṣọ́ọ̀kì sì di ẹrẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọmọ mẹ́rin ṣe tiwọn nílẹ̀, àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Ó wá kan Tómi ní ìdí irin. Ó fò, ó dì í mú, ó fì lẹ́ẹ̀kan, ó fì lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀kẹta mo rí ìka rẹ̀ tó ń ṣí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹja ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé.

N ò lè kọ bí igbe ìyá rẹ̀ ṣe rí. Kíláàsì wa ò tíì dé ibẹ̀.

Ẹ̀bùn wà lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ tí mo sọ pé kì í kúrò yẹn, kò kúrò. Ó gbá ọmọ náà mú ní ìbàdí, àwọn méjèèjì jọ dé orí fóòmù, Ẹ̀bùn nísàlẹ̀, Tómi lókè. Egungun kankan ò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ètè ọmọ náà lu èjìká Ẹ̀bùn, ó bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ṣàn sára aṣọ funfun. Ẹ̀bùn nu ẹnu rẹ̀, ó yẹ eyín rẹ̀ wò, ó yẹ ọrùn rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ Tómi sí imú. Ó gbóòórùn àdín. Ó gbójú sókè, ó wò mí láti iwájú títí dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Màámi, ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn ni, mo mọ ìtumọ̀ gbogbo wíwò rẹ̀, ṣùgbọ́n n ò tíì rí irú ìyẹn rí.

Kò nawọ́ sí mi. Ó yíjú sí àwọn òbí, ó ní ẹ̀bi òun ni, òun ni kóòṣì, ó yẹ kí òun ti fọwọ́ ba ọwọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan kó tó kan irin, òun ò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Tómi, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí i bí òjò. Ó ní òun mọ̀ pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé ni, ó ní ṣé ọmọ òun ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ṣẹ́, ó ní bí eyín kan bá mì, kí Ẹ̀bùn wá ibi gbà. Bàbá kan ní òun ti sọ fún ìyàwó òun pé bọ́ọ̀lù ló dára. Àwọn kan ti ń kó báàgì ọmọ wọn. Ìyá onílé-ìwé bọ́ jígí rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí, kí kóòṣì wá rí òun ní ọ́fíìsì.

Èmi ńkọ́? Mo jókòó. Kí n sọ òtítọ́ fún yín, mo jókòó, mo di báàgì mi mú. Mo ń rò ó pé tí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ yìí yóò parí lónìí, kò sì ní kan ẹ̀yin tàbí èmi, ohun tí a fẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ló dé yẹn. Ẹ gbọ́ ohun tó wọ inú ọkàn ìyá! Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, mo sì ń wo ọba tó fẹ́ gé ìka ọmọ mi dípò tèmi.

N ò mọ ẹni tó gbé mi dìde. Mo bá ara mi láàárín gbọ̀ngàn, mo yọ ìgò náà, mo gbé e sókè. Mo ní ẹ má bínú, ẹ̀yin òbí, èmi ni mo fi àdín pa wọ́n lára. Mo ní òfin wà lára ògiri, mo kà á, n ò tẹ̀lé e. Mo ní bí ẹ bá fẹ́ lé ẹnìkan, èmi rèé, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gbá ọmọ yín mú yìí, ẹ má lé e. Bàbá tó ní bọ́ọ̀lù ló dára bú sẹ́rìn-ín, ó ní ìyá àgbà òun gan-an ló dé yìí, pé ó fi àdín bọ́ òun lójú rí nígbà tí ikọ́ ń ṣe òun. Àwọn kan bá a rín in. Ìyá Tómi ò rẹ́rìn-ín o. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ méjì ni Ẹ̀bùn ò fi bá mi sọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jẹ oúnjẹ mi, ó fọ abọ́. Ní ọjọ́ kẹta mo ní kó bú mi, kó yé mi. Ó ní òun ò bínú nítorí àdín. Ó ní bí ẹni tí kò mọ̀wé ló ṣe é, òun ì bá rẹ́rìn-ín. Ó ní, Màmá àgbà, ẹ kà á, ẹ sì kà á sókè, gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Màámi, Tíṣà ò kọ́ wa pé èèyàn lè kàwé kó má gbọ́ ohun tí ìwé wí. Ọmọ ọmọ mi ló kọ́ mi.

Ó tún bi mí léèrè nǹkan kan tó dá mi dúró. Ó ní ta ló kọ́kọ́ gbé òun, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, ní ẹsẹ̀ méjèèjì tí orí òun wá sílẹ̀. Mo ní èmi ni, lẹ́yìn ìwẹ̀, bí gbogbo ìyá ṣe ń ṣe. Ó ní ta ló ju òun sókè lẹ́ẹ̀mẹta tó sì hán òun. Mo ní èmi ni. Ó ní ta ló kọ́ yín. Ẹ̀yin ni, Màámi.

Nítorí ohun tí mo sọ níwájú àwọn òbí, ìyá onílé-ìwé ní òun ó fún Ẹ̀bùn ní Sátidé kan sí i, bí ọmọ ò bá pé márùn-ún, kó má wá mọ́. A tètè dé. Ẹ̀bùn fún mi ní iṣẹ́ méjì. Ó fún mi ní aṣọ ìnuwọ́, ó ní èmi ni n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, n ó nu ọwọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan kó tó wọlé. Ìkejì, ó ní kí n gbé ìgò àdín mi dání, nígbà tí iré bá parí tí wọ́n bá fọwọ́ tán, kí n fi pa wọ́n ní oríkèé bó ṣe wù mí. Ó ní àdín náà dára, àsìkò rẹ̀ ni mo ṣì.

Ọmọ mẹ́rin ló wá. Mo nu ọwọ́ mẹ́jọ. Mo ń wo ọ̀nà títí ojú fi ń ro mí. Ìyá onílé-ìwé ti ń wo aago. Ìgbà náà ni ọkọ̀ kan dúró, tí Tómi bọ́ sílẹ̀, ètè rẹ̀ ṣì wú díẹ̀. Ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e. Mo kúnlẹ̀ fún obìnrin tí mo lè bí, ó sáré gbé mi dìde. Ó ní òun ò wá bá mi ṣeré o. Ó ní láti ọjọ́ yẹn, ara férémù ilẹ̀kùn kíṣìnnì ni Tómi ti ń rọ̀, ó sàn kó rọ̀ níbi tí ẹni tó lè hán an wà. Ó tún ní òun ti ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ọjọ́ pẹ́, òun ò sì tíì rí ẹni tó dìde láàárín èrò tó sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi láìjẹ́ pé wọ́n mú un. Tómi na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Mo nù ún, mo tún un nù, mo ń nù ún lọ títí ọmọ náà fi ní, Màmá àgbà, ó ti gbẹ o.

Ọmọ márùn-ún nìyẹn. Ìyá onílé-ìwé ti aago rẹ̀ bọ abẹ́ ọwọ́ aṣọ.

Ìròyìn tí ẹ ní kí n mú wá nìyí. Ẹ rán mi lọ wá àléébù, mo rí i, ọwọ́ mi ló wà. Kò sẹ́ni tó mọ bí ọ̀la iṣẹ́ náà ṣe máa rí, àwọn ọmọ yòókù lè padà, wọ́n lè máà padà. Ṣùgbọ́n Ẹ̀bùn ò ní lọ síwájú láìgba ẹnu yín, ó ti sọ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n.

Ìgò àdín yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Bí ẹ bá gbà kó máa ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má wulẹ̀ pè, ohùn kì í já gaara létí òkun. Ẹ fi ìgò mìíràn rán àwọn ará wa tó ń kó ẹja bọ̀ ní Ìbèṣè. Bí ìgò bá dé, a ó mọ̀. Bí kò bá dé, a ó mọ̀ náà, Ẹ̀bùn yóò sì ká fóòmù rẹ̀. Èmi ní tèmi, mo ti ń fọ ìdérí ìgò sílẹ̀ dè é.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí omi tù yín lára, kó má jẹ́ kí òkun jẹ sí ẹ̀yìn ilé yín, kó jẹ́ kí ẹ gbọ́ ìròyìn ayọ̀ wa ju èyí lọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àgbà tó ń gbọ́ àti ọmọdé tó ń rákòrò. Fúnmiláyọ̀ ní kí n kí yín, Ẹ̀bùn dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó fi orí kanlẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi tí ẹ gbé lẹ́sẹ̀ méjèèjì tí ẹ ò jẹ́ kó bọ́,
ọmọ yín,
Mọ́dúpẹ́.